Mo jáwọ́ nínú kọfí, orí wá ń fọ́ mi bíi kó là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dẹ́rù bà mí díẹ̀. Ó ti tó ọdún 6 tí mo ti ń mu kọfí, ife 4 lójúmọ́, ọjọ́ míì 5, ká má tíì sọ ti ẹ́nájì dríǹkì tí mo máa ń fi lé e tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́sàn-án. Oorun wá di nǹkan tí mò ń wá kiri lóru, ni mo bá ní ó tó gẹ́ẹ́, mo jáwọ́ pátápátá lọ́jọ́ Sátidé. Sátidé yẹn ò burú. Àárọ̀ Sọ́ńdè, háà! Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi láti ẹ̀yìn ojú dé ìpàkọ́, ara mi ń ro mí bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe, mò ń yán ṣáá, ọmọ mi ní kí n bá òun wá bàtà, mo jágbe mọ́ ọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mo lo oògùn ẹ̀fọ́rí méjì nírọ̀lẹ́, kò pẹ́ rárá tí gbogbo ẹ̀ fi lọ, ojú mi dá, mo tiẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́, àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ó tún ti dé. Ọkọ mi ní kí n kúkú padà sídìí kọfí mi kí ilé lè rójú. Ṣé àìsàn kan ló fara pamọ́ sí mi lára ni?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ lọ gbé páálí oògùn ẹ̀fọ́rí yẹn ná, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹ máa rí "caffeine" níbẹ̀, ìyẹn káfíìnì, nǹkan inú kọfí tó ń lé oorun lọ. Àwọn oògùn ẹ̀fọ́rí kan wà, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ "extra" sí lára, tí wọ́n ti po káfíìnì mọ́, hóró kan lè ní mìlígíráàmù 65, ẹ wá lo méjì, 130 nìyẹn, ó sábà máa ń ju ti ife kọfí kan lọ. Ẹ lé e gba ẹnu ọ̀nà, ó gba ojú fèrèsé wọlé padà. Ìdí nìyẹn tí ojú yín fi dá wàyí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní adenosine, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́, lọ sùn, ó sì ní àga tó ń jókòó sí kó tó lè jíṣẹ́ yẹn. Káfíìnì jọ ọ́ gan-an, òun ló máa sáré jókòó sórí àga, kò sì ní jíṣẹ́ kankan. Tó bá ti di ojoojúmọ́, ọpọlọ náà á gbọ́n, á fi àga kún àga. Ẹ wá jáwọ́ lójijì, gbogbo àga ṣófo, adenosine jókòó kún ibẹ̀, ni àárẹ̀ bá dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí náà fẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ẹ rí i pé Sátidé yín ò lè tíì burú. Ọjọ́ kìíní sí ìkejì ló máa ń le jù, ó sì lè gba ọjọ́ 2 sí 9 kó tó tán pátá. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ ń ṣàṣejù, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú DSM-5, ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, láti 2013, kì í ṣe àròsọ.

Ní tèmi o, kì í ṣe pé ẹ jáwọ́ ló burú, bí ẹ ṣe já a fà-á ni. Tí ẹ bá lè fara dà á, ẹ máa bá a lọ, ibi tó le jù ti fẹ́ẹ̀ kọjá. Tí kò bá ṣeé ṣe nítorí iṣẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ padà sí ife 2, ẹ lo bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ já a sí kan, lẹ́yìn náà ààbọ̀, tàbí kí ẹ máa po èyí tí wọ́n ti yọ káfíìnì kúrò nínú ẹ̀ mọ́ ọn (díẹ̀ ṣì ń ṣẹ́kù sínú ìyẹn náà o). Ẹ ka tíì, kóòkì àti ṣokoléètì mọ́ ọn, káfíìnì wà nínú àwọn náà. Èmi tí ẹ ń wò yìí, nígbà tí mo fi kọfí sílẹ̀, ife tíì 6 ni mò ń mu lójúmọ́, mo sì ń yangàn káàkiri pé mo ti bọ́! Ẹ mu omi dáadáa, ẹ tètè sùn, tí orí fífọ́ bá pọ̀jù ẹ lo oògùn tí kò ní káfíìnì, kó má ṣáà di ojoojúmọ́.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ̀fọ́rí yẹn dé lójijì, irú èyí tí ẹ ò rí rí, tàbí ọrùn ń gan, ojú ń ṣú, apá kan ara ń kú, ẹ má wo ti kọfí, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Kí ẹ sì bẹ ọmọ yẹn.

Ìbéèrè: Àǹtí, mi ò kì í mu kọfí kọjá aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ló dé tí mi ò kì í rí oorun sùn títí aago 1 òru?

Ìdáhùn: Aago 4 yẹn gan-an ni. Ara máa ń lo bíi wákàtí 5 kó tó lé ìdajì káfíìnì jáde, torí náà ìdajì ṣì wà lára yín ní aago 9, ìdá mẹ́rin ẹ̀ ṣì wà ní aago 2 òru. Ti aláboyún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n má kọjá mìlígíráàmù 200 lójúmọ́. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀, ife tó ń mu tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lára ẹ̀ torí sìgá ló ń bá a yára lé e tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ife ìkẹyìn yín wá sí aago 12 ọ̀sán, ẹ lo ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ tún wá kọ̀wé sí mi.