Ṣé Ẹja Ni Àwọn Siren, Àbí Ẹyẹ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àwòrán tí John William Waterhouse yà nípa Ulysses, akọni atukọ̀ inú ìtàn Gíríìsì àtijọ́, àti àwọn Siren, àwọn abàmì tí orin wọn ń fa àwọn atukọ̀ sí ikú. Ohun tí mo ti ń gbọ́ ni pé obìnrin onírù ẹja ni àwọn Siren, bíi Màmíwọ́tà, ṣùgbọ́n ẹyẹ olórí obìnrin ni mo rí. Ṣé ayàwòrán náà ṣì í ni? — Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kò ṣì í rárá. Lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ara ẹyẹ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń fún Siren. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn wọn ni ìrù ẹja tó wọ inú ìtàn náà. Homer, akéwì tó sọ ọ́, kò tilẹ̀ ròyìn ìrísí wọn. Orin wọn ló ròyìn, àti egungun àwọn ọkùnrin tí orin náà ti pa. Ìkòkò amọ̀ kan wà ní British Museum ní London, tí wọ́n mọ ní nǹkan bí ọdún 480 ṣáájú ìbí Kristi, tó fi Ulysses hàn níbi tí wọ́n dè é mọ́ òpó ìgbòkun, tí àwọn obìnrin ẹlẹ́yẹ sì yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Irú iṣẹ́ báyìí ni Waterhouse wò kí ó tó yà tirẹ̀ ní ọdún 1891.

Síbẹ̀, kò kàn dà á kọ. Mẹ́ta ni Siren orí ìkòkò náà; méje ni tirẹ̀. Homer ní ìda oyin ni Ulysses fi dí etí àwọn atukọ̀ rẹ̀, tí òun nìkan sì ń gbọ́ orin náà nínú ìdè tí ó fúnra rẹ̀ pàṣẹ; Waterhouse fi aṣọ wé orí àti etí wọn, kí àwa tí a ń wò ó lè rí i kedere pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ní tèmi, ara ẹyẹ yìí ló mú kí àwòrán náà bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, nítorí obìnrin onírù ẹja ní láti dúró de èèyàn nínú omi, ṣùgbọ́n ẹyẹ lè fò wá bá a. Ẹ wo èyí tó bà sí etí ọkọ̀, tó na ojú sí atukọ̀ kan gan-an, bí ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí orin òun kò fi ràn án.

National Gallery of Victoria ní Melbourne, Ọsirélíà, ló rà á lọ́dún 1891 náà. Fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà méjì. Èyí tó bá ohun tí ẹ ti ń gbọ́ mu ni àwòrán tí ayàwòrán mìíràn, Herbert Draper, yà ní nǹkan bí ọdún 1909, tó wà ní ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: nínú ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn Siren náà ní ìrù ẹja.