Èsì: kí ni kí n wọ̀ tí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lálẹ́?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ilẹ̀ máa ń ṣú bá yín ní Pánṣẹ́kẹ́, ṣé ẹ̀wù yẹ́lò ni kẹ́ ẹ rà àbí àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sọ́rùn, tó máa ń wú bo orí téèyàn bá ṣubú. Ẹ fi ti ọrùn sílẹ̀: iléeṣẹ́ Hövding tó ń ṣe é ní Sweden ti kógbá wọlé ní 2023. Akoto ló ṣáájú, kẹ́ ẹ sì so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n dáadáa. Àwọ̀ yẹ́lò lásán, ọ̀sán ló wà fún. Lálẹ́, ìlà fàdákà tó ń dá iná mọ́tò padà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wé e mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ ẹ ṣe ń wa kẹ̀kẹ́, á máa lọ sókè sódò, awakọ̀ á tètè mọ̀ pé èèyàn ló wà níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí báàgì ẹ̀yìn bo ìlà fàdákà tó bá wà lára ẹ̀wù o.