Ọpọlọ ẹni tí kì í yéé fọwọ́

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń fọwọ́ títí awọ ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Wọ́n ní OCD ni, àìsàn tí èrò kan kì í fi í kúrò lọ́kàn ẹni tí á sì máa ṣe ohun kan náà léraléra, pé serotonin, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló dín kù nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó ti lo oògùn fluoxetine fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò rí ìyàtọ̀. Ṣé ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni, àbí kó dá oògùn náà dúró?

Ìdáhùn: Kó má tíì dá a dúró o. Tó bá jẹ́ OCD, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 la máa ń fún oògùn yìí kó tó fi ara hàn, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà máa ń ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má fi kún un fúnra yín.

Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ tọ́jú owó yín. Inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú serotonin ara wà, kì í sì í ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ "ó dín kù" yẹn gan-an kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oògùn clomipramine tó ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin ran àwọn aláìsàn OCD lọ́wọ́. Desipramine, tó jọ ọ́ bí ọmọ ìyá àmọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan serotonin, kò ràn wọ́n. Ibẹ̀ la ti fura sí serotonin. Ṣùgbọ́n bí Panadol bá wo orí fífọ́, ṣé àìtó Panadol ló fà á ni?

Apá iwájú ọpọlọ, lókè ẹyinjú, ló ń kìlọ̀ pé "ọwọ́ rẹ dọ̀tí". Ìkìlọ̀ náà ń gba inú caudate àti thalamus, apá méjì tó wà nísàlẹ̀ nínú ọpọlọ, padà síwájú. Tí èmi àti ẹ̀yin bá ti fọwọ́, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Ti àbúrò yín ń yípo ṣáá: ojú rẹ̀ rí i pé ọwọ́ mọ́, àmọ́ "ó tó" kò dé ọkàn rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú yín ò lè débẹ̀. Glutamate, kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, ló ń jíṣẹ́ jù lójú ọ̀nà yẹn, dopamine tóun náà jẹ́ kẹ́míkà ọpọlọ ń dá sí i, serotonin sì ń bá wọn tún ohùn ṣe.

Ní 1992, Lewis Baxter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ PET, tó ń fi bí apá ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, wo ọpọlọ àwọn aláìsàn OCD. Caudate rọlẹ̀ lára àwọn tí fluoxetine ràn lọ́wọ́. Ó rọlẹ̀ bákan náà lára àwọn tí ìtọ́jú láìsí oògùn ràn lọ́wọ́. Ìtọ́jú yẹn ni pé kó fọwọ́ kan ohun tó ń já a láyà, kó má sì fọ ọwọ́ rẹ̀, títí ìjáyà náà á fi lọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè fún un pẹ̀lú oògùn náà. Ẹni tó bá sì ń bu omi fún un nílé, kí òun, àbúrò yín àti olùtọ́jú jọ fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa dín in kù.