Plato kò sọ pé irọ́ ni ayé

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá olùkọ́. Kubwa ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ogún ọdún, wo fíìmù The Matrix, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fi ayé irọ́ tan ọpọlọ àwọn èèyàn jẹ, ló bá wọ ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp. Wọ́n ní Plato ayé àtijọ́ ti sọ ọ́ pé irọ́ ni ayé yìí, pé ẹni tó bá san 30,000 náírà, ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn máa fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Kò lọ sí kíláàsì mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Plato, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Gíríìsì àtijọ́, kò sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń bi mí, inú sì ń bí mi, torí iṣẹ́ fìlọ́sọ́fì tí mo ń ṣe jẹ ni wọ́n fi ń lu àwọn ọmọ wa ní jìbìtì.

Ìtàn ihò tí Plato sọ ni wọ́n gbé e lé; apá keje ìwé rẹ̀, Republic, ló wà. Àwọn kan wà nínú ihò ilẹ̀, wọ́n ti de ẹsẹ̀ àti ọrùn wọn láti kékeré, ògiri iwájú nìkan ni wọ́n ń wò. Iná ń jó lẹ́yìn wọn. Láàárín iná yẹn àti ẹ̀yìn wọn, àwọn kan ń gbé ère kọjá. Òjìji ère ló ń bọ́ sára ògiri, wọ́n sì gbà pé kò sí nǹkan mìíràn láyé. Wọ́n tú ẹnì kan sílẹ̀. Bó ṣe yíjú sí iná, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó fẹ́ padà. Wọ́n wọ́ ọ jáde tipátipá. Òjìji ló kọ́kọ́ lè wò, lẹ́yìn náà àwòrán inú omi, lẹ́yìn náà òṣùpá, kó tó wá wo oòrùn.

Níbo ni ayé ti di irọ́ níbẹ̀? Ihò wà, iná wà. Òjìji pàápàá wà. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n pe òjìji ní ohun tó ni ín.

Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Kaduna, ẹ ti rí ojú tó wà lára Àpáta Zuma: ojú méjì, imú, ẹnu, bíi ti baba àgbà. Ẹ sún mọ́ ọn, ojú yẹn á túká, á di àbàwọ́n lára òkúta. Àpáta kò kúrò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun mú yín jáde kúrò lára Zuma, kí lẹ máa pè é?

Ẹ̀kọ́ ni ìtàn ihò wà fún. Plato fúnra rẹ̀ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, pé ọ̀rọ̀ ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ lòun ń sọ. Lójú rẹ̀, láti ọmọ ogún ọdún títí di ọgbọ̀n, ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni èèyàn yóò máa kọ́. Á fi ọdún 5 kọ́ bí a ṣe ń fi ìbéèrè wádìí ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, dandan ni kó padà sínú ihò lọ sin ìlú fún ọdún 15, kí ojú rẹ̀ tún mọ òkùnkùn lára. Ó di ẹni 50 ọdún kí ó tó débi tí Plato ń wí. Wọ́n wá ní ọjọ́ mẹ́ta! Socrates, olùkọ́ Plato, tí Plato fi ìtàn náà sí lẹ́nu, sọ níwájú àwọn adájọ́ Athens lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Jésù pé òun kì í gbowó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fíìmù náà yá nǹkan lọ́wọ́ Plato, bí ojú ṣe ń dun Neo, akọni inú rẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ jí kúrò nínú ayé irọ́ náà. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ tó ń tan ọpọlọ jẹ, Descartes, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sún mọ́ ọn jù: ní 1641 ó ní ká rò ó bíi pé ẹ̀mí burúkú kan ń tan òun jẹ nínú ohun gbogbo. Ó fi ya ohun tó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dájú ni, kò dúró síbẹ̀. Ó lé ní 500 ọdún ṣáájú rẹ̀ tí Al-Ghazali, onímọ̀ Ìsìláàmù tí àwọn máàlámù ìhà ibí mọ̀ bí ẹni mowó, ti kọ̀wé pé ojú lè tan èèyàn jẹ: ojú ń sọ pé ìràwọ̀ kò ju owó dínárì lọ, ìṣirò sì ní ó tóbi ju ilẹ̀ ayé lọ.

Ẹ má gba fóònù ọmọ yín, ẹ má sì bú fíìmù náà. Ẹ bá a wò ó. Kẹ́ ẹ wá bi í pé: àwọn tó ń gbé ère kọjá níwájú iná, ta ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn? Ẹ má san kọ́bọ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Bí kò bá ń sùn, tàbí tó ní ẹ̀yin kọ́ ni ìyá òun, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti Plato. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ilé ìtúsílẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá le, tó sì fẹ́ jiyàn, kó mú ìwé náà dání kó wá bá mi. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ráyè, mi ò sì ní gbowó.