Bátìrì tó sùn sórí ṣájà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fi bátìrì mọ́tò yín sórí ṣájà lálẹ́, ẹ lọ sùn, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó gbóná janjan, ilé sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ tún fi í sí i kó lè kún dáadáa. Rárá o. Ẹ pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bátìrì tó ń rùn báyẹn ti yó kọjá àlà.

Mo mọ̀ ọ́n torí èmi náà ti pa ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Géètì n'Ìbàdàn ni mo ti ra ṣájà ọ̀hún, àwọn onírin wúwo tó lábẹ́rẹ́ lójú, tí kì í dá ara rẹ̀ dúró bí bátìrì bá kún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni NẸ́PÀ mú wá, fáànù ń yí bí ẹni tí ò jẹun. Mo rí i pé abẹ́rẹ́ ò gbéra, mo bá yí i dópin. Òru ni iná wá dé ní kíkún, èmi ń hanrun. Ká tó jí, ikùn bátìrì ti wú, omi ti gbẹ nínú ihò mẹ́ta nínú mẹ́fà. Rìwáyà wò ó, ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹ ti sè é."

Ẹ̀ẹ̀kejì ló dẹ́rù bà mí jù. Mo fa kílíìpù yọ lórí bátìrì láì tíì pa sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná ta pàrà, gbòà! Ìdérí fò, àásìdì ta sí mi lára. Mo sáré da omi sí i, ṣùgbọ́n ṣòkòtò yẹn di ajere. Ọpẹ́lọpẹ́ ìgò ojú mi. Gáàsì háídírójìn ló ń jáde tí bátìrì bá ń gba iná, iná bíńtín tó bá ta sì ti tó láti mú un bú o. Látìgbà náà, mo máa ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó yọ ohunkóhun. Tí mo bá fẹ́ fi sí i nínú mọ́tò, pupa ló ń kọ́kọ́ lọ sórí pọ́sítíìfù, dúdú á wá lọ sára irin mọ́tò tó jìnnà sí bátìrì, lẹ́yìn náà ni n ó tan iná.

Bátìrì 60Ah (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé pamọ́) ni tèmi, áńpù 6 ni mo ń fún un, kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá 60 yẹn lọ. Tó bá ti kú tán, ó lè gbà ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Tí iná bá lọ, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ parí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má kàn fi í sílẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan funfun kan á le mọ́ òjé inú ẹ̀, ṣájà ò ní lè ṣí i mọ́.

Tiyín wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ olómi, tí kò sì wú, ẹ ṣí ìdérí. Tí òjé bá ti yọjú, ẹ da omi bátìrì (distilled water) sí i kó ṣáà bò ó. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe àásìdì. Omi ló gbẹ, àásìdì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ rọra fún un níná lójú yín, kẹ́ ẹ wá da omi dé àmì nígbà tó bá kún. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi mítà tó ń wọn fóòtì wò ó. Fóòtì 12.6 dáa. Tó bá wà ní nǹkan bí 10.5, ihò kan ti kú nìyẹn, kò sí ṣájà tó lè jí i. Èyí tó bá wú, àwọn tó ń ra kọ̀ńdẹ́mù bátìrì ni kẹ́ ẹ pè.

Ní ti ṣájà fúnra ẹ̀, ẹ má gbé e lé orí bátìrì, èéfín tó ń jáde lára bátìrì ń jẹ ẹ́. Tí fíúsì ẹ̀ bá jó, irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò. Mo ti rí ẹni tó fi wáyà dípò!

Ẹ sọ ohun tí mítà bá wí fún mi lọ́la, kẹ́ ẹ tún wò ó nígbà tí ẹnjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tó fóòtì 13.8, alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná nínú mọ́tò) ni kẹ́ ẹ lọ bá jà.