Orí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìbéèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Èdè mi já gaara, àṣìṣe mi kì í sì í pọ̀, síbẹ̀ ohun tí olùkọ́ mi máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àròkọ mi ni pé, "O ò dáhùn ìbéèrè." Bẹ́ẹ̀, orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wa náà ni mo kọ lé lórí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: O ṣeun tí o béèrè. Ohun tí o sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni ìṣòro náà: orí ọ̀rọ̀ lò ń kọ lé lórí, o ò dáhùn ìbéèrè. Èèyàn lè fa ìbéèrè mẹ́wàá yọ nínú orí ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ ti mú ẹyọ kan, òun nìkan ló sì fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ èdè dáadáa ni mo rí i pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí bí ojú wọn bá ti kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀, ìwé kíkọ ti yá nìyẹn.

Wo àpẹẹrẹ yìí: "Oore tí fóònù alágbèéká ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nídìí ẹ̀kọ́ wọn ju ìpalára rẹ̀ lọ. Báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ tó?"

Ẹlòmíràn yóò rí "fóònù", yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Martin Cooper tó fi fóònù alágbèéká pe èèyàn lọ́dún 1973. Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n kò ní gba máàkì kankan níbí. Fara balẹ̀ kà á. "Ilé-ẹ̀kọ́ gíga" ti yọ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò. "Nídìí ẹ̀kọ́" ti yọ owó fífi ránṣẹ́ àti ìkíni láàárín ẹbí kúrò. "Ju… lọ" ń fẹ́ kí o gbé oore àti ìpalára sórí ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó to oore nìkan sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. "Báwo ni ó ti jẹ́ òótọ́ tó" kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán. Ó fẹ́ mọ ibi tí òótọ́ náà dé àti ibi tó ti dáwọ́ dúró.

Máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ fún ọ. "Ṣàpèjúwe" ń fẹ́ bí nǹkan ṣe rí. "Ṣàlàyé" ń fẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀. "Ṣe àfiwé" ń fẹ́ ibi tí nǹkan méjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. "Jíròrò" ń fẹ́ kí o yẹ tọ̀tún-tòsì wò kí o tó sọ ibi tí o dúró sí. Bó bá ní kí o kọ lẹ́tà tàbí ọ̀rọ̀ àsọyé, ìlànà ìyẹn náà ní máàkì tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ṣe ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ: bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, fi ẹnu ara rẹ tún un sọ, kí o sì kọ èsì rẹ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Fún àpẹẹrẹ wa: "Òótọ́ ni fún ẹni tó ń fi fóònù wá ìwé kà nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ nínú kíláàsì níbi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń gba ọkàn rẹ̀." Ṣí ìbéèrè náà padà, kí o yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbólóhùn rẹ kan gbogbo apá rẹ̀. Bó bá fo ọ̀kan, tún un kọ. Inú gbólóhùn yìí ni ìlapa èrò rẹ yóò ti jáde, ìpínrọ̀ tí kò bá sì tì í lẹ́yìn, yọ ọ́.

Nínú ìdánwò wákàtí kan, ìṣẹ́jú 5 tó fún gbogbo èyí. Bí ìbéèrè bá sì ní ìtumọ̀ méjì tí kò sí ẹni tí o lè bi, sọ nínú ìfáárà rẹ èyí tí o mú, kí o má sì yà kúrò lórí rẹ̀ títí dé ìparí.