Àlejò ẹlẹ́sìn Búdà ń bọ̀ ní Gberefu: kí ni kí n ṣètò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Afinimọ̀nà ni mí ní Àgbádárìgì. Àwọn aláwọ̀ dúdú méjìlá tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ rin ọ̀nà ẹrú ní Gberefu, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun, láìsọ̀rọ̀ títí dé etí òkun, kí wọ́n sì gbin igi. Báwo ni kí n ṣe é? Kí ló tiẹ̀ pa ẹ̀sìn Búdà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú àti ojú ọjọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀. Búdà kọ́ni pé ìyà kì í ṣàdédé wá: ohun kan ló bí i, bí a bá sì fa ohun náà tu, ìyà á tán. Ìdí nìyẹn tí Thich Nhat Hanh, mọ́ńkì ará Vietnam, fi lọ bá Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Chicago lọ́dún 1966 pé kó bá òun ta ko ogun Vietnam. Lọ́dún kejì ni King fi orúkọ mọ́ńkì náà sílẹ̀ fún ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel. Ní Íńdíà, Ambedkar, agbẹjọ́rò tí wọ́n bí sáàárín àwọn tí wọ́n ń yẹra fún, kó ọ̀kẹ́ àìmọye àwọn tí ìbí wọn sọ di ẹni à-ń-yẹra-fún wọ ẹ̀sìn yìí ní 1956. Lójú àwọn àlejò yín, ọkọ̀ tó kó ẹrú lọ àti òkun tó ń jẹ etíkun wa lónìí, ojúkòkòrò kan náà ló bí wọn. Àwọn tí kò dá èéfín tó ń mú ayé gbóná sílẹ̀ ni omi ń lé nílé.

Gbogbo ìtàn tí ẹ ní, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá ti gúnlẹ̀ sí Gberefu, ẹ panu mọ́. Ibi tí afinimọ̀nà ti máa ń ba irú ìrìn yìí jẹ́ nìyẹn, torí ẹnu wa kì í gbófo. Àwọn àlejò á gbé ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bí wọ́n bá mí sínú, mẹ́ta bí wọ́n bá mí síta. Àkókò tí ìrìn náà ń gbà yín tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ sì gbéra ní aago méje àárọ̀ kí iyanrìn tó gbóná. Àwọn kan á bọ́ bàtà. Bí agogo wọn bá dún, ẹ̀yin náà ẹ dúró.

Wọ́n á pẹ́ nídìí kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú lómi rẹ̀ mu kó lè gbàgbé ilé. Ẹnì kan lè bú sẹ́kún níbẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára láti rẹ èèyàn lẹ́kún. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó sun ún tán. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ bi wọ́n ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin, àwọn mìíràn kì í jẹ àlùbọ́sà àti ayù. Edé inú ewédú àti Mágì aládìyẹ ni alásè máa ń gbàgbé. Ẹ má gbé ọtí síwájú wọn.

Àgbọn ni kí ẹ gbìn, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kó jìnnà sí ibi tí ìgbì ń dé. Ẹ fi mítà mẹ́jọ sáàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ihò jìn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ẹ kó èèpo àgbọn sísàlẹ̀ rẹ̀, torí iyanrìn kì í gba omi dúró. Ẹ sanwó fún ará abúlé kan tí yóò ṣọgbà yí i ká, tí yóò sì máa bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ lẹ gbin igi fún.

Bí wọ́n bá mú aṣọ àwọ̀ ọsàn wá láti ró mọ́ igi, bí àwọn mọ́ńkì Thailand ṣe ń ṣe kí àwọn agégi má bàa gé e, ẹ sọ fún baálẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá rí aṣọ lára igi níbẹ̀, ẹbọ ló máa rò.